Ẹ Kú Àlejò o, Ẹ̀yin Ará Brighton

Àgọ́-Àmọ́dù, ìlú wa ní Òkè-Ògùn níbí, jìnnà sí òkun. Odò Ògùn tó ṣẹ̀ ní agbègbè Ṣakí nìkan ni tiwa tó ń débẹ̀. Òun ló ń gba inú pápá àti ìlú ṣàn lọ títí tó fi ń tú sínú ọ̀sà l'Ékòó. Àwa tí a kù sẹ́yìn, ebè iṣu àti oko ẹ̀gúsí la mọ̀, ọ̀pọ̀ àgbà wa ni kò sì rí ìgbì òkun rí àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ Òkè-Ògùn tó jókòó, tó ń kọ oríyìn fún ìlú etíkun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má pè é ní àyọjúràn. Ọmọ wa kan ti ibẹ̀ lọ sílé ọkọ.

Àìná ni wọ́n ń pè é nílé. Òkè-Òdàn, nílẹ̀ Yewa, ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti mú un lẹ́rú nígbà tí wọ́n kó ìlú náà lọ́dún 1848. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, gbà á lọ́wọ́ ọba Gezo, ó gbé e lọ fún Ọbabìnrin Victoria, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Nígbà tó dàgbà tí James Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró, ní òun fẹ́ ẹ, ó kọ̀. Ni wọ́n bá fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà kan ní Brighton. Kí n má parọ́, kò fẹ́ràn ilé náà. Ó kọ̀wé pé ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó di August 14, 1862, ó di Ìyáàfin Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin mẹ́wàá ló kó àwọn ará ìyàwó wá, ọmọge mẹ́rìndínlógún ló tẹ̀ lé ìyàwó, dúdú àti funfun ló jọ rìn pọ̀. Ìlú tú jáde. (Ọkọ ìyàwó yìí náà ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó nílẹ̀ wa, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán la ń sọ.)

Ìwà tí mo fẹ́ yìn nìyẹn gan-an. Ìlú tó fẹ́ràn ìran ni Brighton. Wọn á wò ọ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọn ò ní dibọ́n pé àwọn ò rí ọ. Àmọ́ bí wọ́n bá wò ọ́ tán, wọ́n á jẹ́ kí o kọjá, wọ́n á sì ta ẹja díndín fún ọ ní iye tí wọ́n ń tà á fún gbogbo èèyàn.

Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas yẹn, ibojì kan wà tí mo dúró tì pẹ́ nígbà tí mo lọ síbẹ̀. Phoebe Hessel ló sùn níbẹ̀. Bí a bá gba ohun tí wọ́n kọ sára òkúta náà gbọ́, 1713 ni wọ́n bí i, 1821 ló kú, ẹni ọdún 108. Obìnrin yìí wọ aṣọ ọkùnrin, ó wọṣẹ́ ológun, ó sì jagun pẹ́ kí àṣírí tó tú. Lójú ogun Fontenoy lọ́dún 1745, wọ́n fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gún un lápá. Nígbà tó darúgbó, ẹ̀gbẹ́ títì Brighton ló ti ń pàtẹ, gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn rẹ̀, ọmọ ọba fúnra rẹ̀ sì ń fún un lówó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òkúta rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Àìná. Àfàìmọ̀ kí ìyàwó wa má gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Òkun ló sọ àwọn ará Brighton di onílé àlejò. Apẹja ni wọ́n tẹ́lẹ̀, títí dókítà kan tó ń jẹ́ Richard Russell fi kọ ìwé ní nǹkan bí 1750 pé omi òkun ń wo àìsàn, kí aláìsàn máa wẹ̀ ẹ́, kó sì máa mu ún. Ẹ̀yin tó fi omi iyọ̀ wẹ̀ lóru ọjọ́ kan lọ́dún 2014 nítorí Èbólà, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn olówó ya lọ síbẹ̀, ọmọ ọba tó wá di George Kẹrin tẹ̀ lé wọn, ó sì kọ́ ààfin kan, Royal Pavilion, tí orí rẹ̀ rí roboto bí ilé ọba nílẹ̀ Íńdíà. Ará Ṣakí tó bá rí i lókèèrè á ti máa wá omi àlùwàlá. Ọmọ Íńdíà gidi náà wà níbẹ̀: Sake Dean Mahomed, ọmọ Patna, tó ṣí ilé ìwẹ̀ olóoru, tó ń fọwọ́ ra àwọn aláìsàn lára, tí ọba méjì sì gbà síṣẹ́.

Nígbà ogun 1914, ààfin yẹn ni wọ́n sọ di ilé ìwòsàn fún àwọn ọmọ ogun Íńdíà tó fara gbọgbẹ́. Wọ́n ya ẹ̀rọ omi sọ́tọ̀ fún Híńdù, wọ́n ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún Mùsùlùmí, ilé ìdáná náà bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Ìjọba ń fi ṣe ìpolówó, mo mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n se oúnjẹ náà, àlejò sì jẹ ẹ́.

Ó wá ku ibi tí ojú àwọn kan yóò ti le. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé ọdún 16 ní Brighton àti Hove, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11 tó sọ pé ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin làwọn, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, tàbí ẹni tó lè fẹ́ èyíkéyìí. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní England àti Wales tó tó wọn. Wọn ò ṣàdédé rí ibùjókòó bẹ́ẹ̀. Títí di 1967, ẹ̀wọ̀n ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ń fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sí; ní 1973 tí wọ́n kọ́kọ́ tò lọ lójú títì Brighton, wọn ò pọ̀. Lóde òní, títì kì í gbèrò bí wọ́n bá ń tò lọ lóṣù August. Ní January 2014, ìjọba tiwa fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin lọ fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Ní òru tí March 29 ọdún yẹn kan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ọkùnrin méjì ń ṣègbéyàwó nínú Royal Pavilion.

N ò ní kí ẹnikẹ́ni ju ẹ̀sìn rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn éèdì ń pa àwọn ọ̀dọ́kùnrin bí ẹni ń ká ilá, tí ọ̀pọ̀ ẹbí sá fún ọmọ tiwọn, àwọn ará ìlú yìí tọ́jú wọn. Títí dòní, lọ́jọ́ Ẹtì, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Lunch Positive a máa se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn tó ní kòkòrò HIV, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ẹ tún un kà: nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í pín in sínú ọ̀rá kí kálukú máa gbé e lọ. Wọ́n ń jókòó jẹ ẹ́ pọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń fi ojú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí láwọn ilé wa á mọ ìdí tí mo fi ń kọ̀wé.

December 21 ni ọ̀sán kúrú jù lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ náà, láti 1994, ni wọ́n ti ń ṣọdún tí wọ́n ń pè ní Burning the Clocks, tí ẹlẹ́sìn àti aláìlẹ́sìn jọ ń ṣe. Wọ́n á fi ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àtùpà, wọ́n á fi bébà funfun bò ó, wọ́n á gbé e yí ìlú ká pẹ̀lú ìlù. Lọ́dún tí mo wà níbẹ̀, ọmọ kan wà níwájú mi, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Aago ni tirẹ̀, ọwọ́ aago náà sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí atẹ́gùn òkun. Obìnrin méjì ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò pé ìyá àti àǹtí ni, àfìgbà tó ń pe àwọn méjèèjì ní ìyá. Nígbà tí a dé etí omi, wọ́n gba àtùpà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, wọ́n kó o sínú iná. Ọmọ náà sunkún díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní ọdún tó lọ ló ń jó yẹn. Ọmọ nu imú, ó ní ọ̀dùnkún díndín ńkọ́.

Ìlú náà ní àléébù. Owó ilé níbẹ̀ wọ́n bí ojú, àwọn tó ń sùn síta sì wà. West Pier, afárá ìgbafẹ́ wọn tí wọ́n ṣí ní 1866, gbiná ní 2003, ẹnikẹ́ni ò sì tún un kọ́; egungun irin rẹ̀ ṣì dúró nínú òkun, a kò sì tíì lè pa á lówe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn kan tún ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìhòòhò goloto yí ìlú ká lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. N ò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ìyẹn wá sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Orúkọ ìlú tiwa náà, àgọ́ ni. Àgàtú ń bá wa kọ ebè, Fúlàní ń da ẹran káàkiri ọ̀dọ̀ wa, Ìbàrìbá ń bá wa ná ọjà. A ti gbàlejò pẹ́, a mọ ohun tó ń náni, ìdí nìyẹn tí ẹnu wa fi gbà á láti kí ẹni tó gbàlejò.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin láti Victoria dé ibẹ̀ kò ju bí wákàtí kan lọ. Ẹ wọ bàtà tó nípọn, nítorí etíkun wọn kì í ṣe yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ẹ gòkè lọ sí St Nicholas, ẹ wo ibi tí Àìná ti ṣègbéyàwó. Bí ẹ bá sì pàdé onílé lọ́nà, ìbáà ṣe ọkùnrin tó wọ yẹ̀rì tàbí obìnrin tó fárí kodoro, ẹ kí i dáadáa, ẹ ní àwọn ará Àgọ́-Àmọ́dù ní wọ́n kú àlejò.