“Máa ń” Kọ́ Ni “Used to”: Yorùbá Kọ́ Ló Ba Gẹ̀ẹ́sì Wa Jẹ́

Ọjà kan bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Gbági nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré. Èmi tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ yìí ni mo kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo ń bá màámi dúró ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Gbági àtijọ́. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé òwò Gbági kì í ṣe ti àárọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀dó sí àdúgbò náà, àwọn ará Lẹ́bánónì náà sì wá ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Oníbàárà ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan láti ìgbà náà wá. Lóde òní, orí WhatsApp ni àwọn tó wà lọ́nà jíjìn ti ń béèrè ọjà. Nítorí pé èmi ni mo lọ sí yunifásítì, èmi ni màámi gbé fóònù fún pé kí n máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn.

Obìnrin kan kọ̀wé sí wa láti Port Harcourt. Ó fi àwòrán àǹkárá kan ránṣẹ́, ó ní ṣé irú rẹ̀ wà, pé aṣọ ẹbí ni, ènìyàn 40, yáàdì mẹ́fà mẹ́fà. Aṣọ náà wà. Ó kún orí pẹpẹ lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé a máa ń tà á, mo sì kọ ọ́ báyìí: “Yes ma, we used to sell it.” Ó dúpẹ́, ó ní kò burú. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, màámi ní kí n bi í pé ibo la bá ọjà dé. Ó dáhùn pé òun ti ra á níbòmíràn, ṣebí èmi ni mo sọ pé a kò tà á mọ́. Nígbà tí mo túmọ̀ èsì náà, màámi wò mí títí, wọ́n wo aṣọ tó wà lórí pẹpẹ, wọ́n ní, “Àjọkẹ́, ṣé irọ́ ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ yẹn ni?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ gbà gbọ́ ni pé ọmọ tó bá ń sọ Yorùbá jù, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní dára. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi jẹ ẹgba, tí a fi san owó ìtanràn, tí wọ́n fi gbé páálí kọ́ wa lọ́rùn nílé ìwé pé a sọ fànákúlà. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Yorùbá tí a gbọ́ kọ́ ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó mú wa jókòó, kó fi ibi tí èdè méjèèjì ti pínyà lórí ọ̀rọ̀ àná àti òní hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ara padà nítorí ìgbà. “Lọ” ni lánàá, “lọ” ni lónìí, “lọ” náà ni lọ́la. Ìwé gírámà Yorùbá tí a lò ní sẹ́kọ́ńdírì fún àsìkò tó wà nínú “Mo ta aṣọ” ní orúkọ kan: àsìkò afànámónìí. A há orúkọ náà sórí, a fi yege ìdánwò, a kò bi ara wa pé kí ló ń sọ. Ohun tó ń sọ kò fara sin: ó fi àná mọ́ òní. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, ìtumọ̀ rẹ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń sọ èyí tí a ní lọ́kàn. Tí mo bá ní “Mo ta aṣọ”, ẹ mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Tí mo bá ní “Mo mọ aṣọ”, ẹ mọ̀ pé ìmọ̀ náà wà lórí mi nísinsìnyí. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń ṣì í gbọ́.

Kì í ṣe àbùkù rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn ará Ṣáínà náà kì í yí padà nítorí àná, kò sì dí wọn lọ́wọ́ òwò. Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọ̀nà mìíràn: ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ìgbà. Tí a bá ti dárúkọ “lánàá” ní Yorùbá, ẹlẹ́rìí kan ti tó. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “yesterday” nìkan kò tó, àfi kí “sell” náà di “sold”. Ọmọ tó kọ “Yesterday I sell three” kì í ṣe olódo. Ó ti sọ ọjọ́, ó rò pé ẹjọ́ ti parí.

Ẹ wá wo “ti”, èyí tí ìwé pè ní ibá aṣetán. “Mo ti fi owó ránṣẹ́ lánàá” jẹ́ Yorùbá tó dán mọ́rán. Àmọ́ wọ́n kọ́ wa pé “ti” ni “have”, a wá ń kọ ọ́ sí ènìyàn pé “I have sent the money yesterday”. Gẹ̀ẹ́sì kò gba ìyẹn. Òní ni “have” dojú kọ. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ ti parí, àbájáde rẹ̀ ló wà nílẹ̀ yìí, kò sì fẹ́ kí ẹ dárúkọ ọjọ́ tó ti lọ mọ́ òun. Tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ọjọ́, ẹ fi “have” sílẹ̀: “I sent the money yesterday.” Tí ẹ bá fẹ́ “have”, ẹ fi ọjọ́ sílẹ̀: “I have sent the money.”

Ó wá kan “máa ń” tó kó bá mi. Ìwé pè é ní bárakú, ohun tó ti mọ́ni lára. Kò sọ pé nǹkan náà ti dáwọ́ dúró. Tí a bá ní “Wọ́n máa ń mu sìgá”, ó ṣeé ṣe kí sìgá wà lọ́wọ́ wọn bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà tí a bá fi “tẹ́lẹ̀” kún un ni a mọ̀ pé wọ́n ti jáwọ́. Ohun tí oníbàárà sì ń gbọ́ nínú “used to” ni ìjáwọ́ yẹn: à ń ṣe é nígbà kan rí, a kì í ṣe é mọ́. Nítorí náà, “A máa ń tà á” ni “We sell it”. “A máa ń tà á tẹ́lẹ̀” ni “We used to sell it”. Ká ní ẹnì kan ti sọ gbólóhùn méjì yìí fún mi ní JSS 2 ni, aṣọ ẹbí ènìyàn 40 ì bá má bọ́ mọ́ màámi lọ́wọ́.

Ìkẹrin wà lẹ́nu. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, ìdí nìyẹn tí “bread” fi di búrẹ́dì. Nígbà tí a bá dé orí “asked” tàbí “fixed”, tí kọ́ńsónáǹtì wọ́ tẹ̀lé ara wọn ní ìparí, ọ̀pọ̀ ẹnu a já èyí tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. Olùkọ́ á wí pé “he ask me”, ọmọ á gbọ́ “he ask me”, á sì kọ ohun tó gbọ́. Tí wọ́n bá wá fi yẹ́ńrì pupa fa ilà sí i nídìí, kò ní mọ ohun tí òun ṣe.

Mi ò sọ pé Yorùbá ló ni gbogbo àṣìṣe o. “Did you went” wà lẹ́nu ọmọ Èkó tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, ọmọ òyìnbó kékeré pàápàá a máa sọ “goed” kó tó mọ “went”. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló le níbẹ̀: “did” ti ru ẹrù àná, kò yẹ kí “go” tún rù ú. Ẹlòmíràn á sì sọ pé Gẹ̀ẹ́sì tiwa ni, kí wọ́n fi wá sílẹ̀, ṣebí Amos Tútùọlá kọ The Palm-Wine Drinkard lọ́nà tirẹ̀ ní 1952, London ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ WAEC kì í fi ojú Tútùọlá wo ìwé ìdánwò àbúrò mi, oníbàárà Port Harcourt náà kò sì ka ọ̀rọ̀ mi bí ìtàn àròsọ. Ẹni tó bá mọ òfin ló lè yàn láti rú u.

Ìdí tí mo fi ń pariwo báyìí nìyí. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó di ẹ̀bi ìfìdírẹmi nínú ìdánwò bíi WAEC, NECO àti JAMB ru lílo èdè abínibí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ọmọ tó ń jókòó fún WAEC ní 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà 2022 tó jáde. Báwo ni ìlànà náà ṣe fẹ́ jẹ̀bi rẹ̀?

A sì ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nílẹ̀ yìí rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn ọmọ náà lé ìwọ̀n, wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n tilẹ̀ ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Àjàyí Crowther náà ti gbé èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn tipẹ́: ó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, gírámà rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1852. Ẹni tó mọ tirẹ̀ dáadáa ló lè rí ibi tí ti ẹlòmíràn ti yàtọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde tí ẹ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì káàkiri, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. A Grammar of Yoruba tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ní 1966 àti Essentials of Yoruba Grammar tí Ọládélé Awóbùlúyì kọ ní 1978, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣí wọn wò. Tí ẹ bá dé orí past tense, ẹ kọ “ti”, “ń”, “máa ń” àti “tẹ́lẹ̀” sí apá òsì pátákó, kí ẹ kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sí apá ọ̀tún, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa lè kọ ìwé pélébé kan lórí rẹ̀, ká fún àwọn tó ń lọ ṣe teaching practice. Mo ti ṣetán láti kọ ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, mo ti ya páálí kan lára àpótí aṣọ, mo kọ gbólóhùn méjì tí mo kọ sókè yẹn sí i, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pẹpẹ. Màámi kò ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kí n tó fi ìdáhùn kankan ránṣẹ́ báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí: “Ṣé ‘tẹ́lẹ̀’ wà nínú ohun tí o kọ yẹn, àbí kò sí?”