Ìyá Alámàlà, Ta Ni Yóò Jogún Ìkòkò Yín?

Ẹ yà sí ìsọ̀ alámàlà kan ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, lọ́wọ́ ọ̀sán. Ẹ wo ọwọ́ ìyá tó ń bu oúnjẹ: àmàlà dúdú kọ́kọ́ balẹ̀ sínú àwo, gbẹ̀gìrì rúsúrúsú tẹ̀lé e, ewédú gorí rẹ̀, ọbẹ̀ ata ló kádìí. Kí ẹ tó mí èémí, ó ti bi yín pé: "Ṣàkì àbí bọ̀kọ́tọ̀?" Ọgbọ́n ọdún gbọọrọ ló wà lọ́wọ́ yẹn. Ìbéèrè mi lọ́sẹ̀ yìí ni pé, lọ́jọ́ tí ó bá rẹ ìyá, ta ni yóò gba ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí a lè rí ìdáhùn, ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn Júù ìlú New York ṣe ṣe tiwọn. Joel Russ ṣí wá láti Yúróòpù, ó ń kiri ẹja oníyọ̀ lójú pópó. Lọ́dún 1914, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí, kò bí ọkùnrin; ó sọ àwọn ọmọ náà di alájọni òwò, ó sì kọ ọ́ sára pátákó gbangba: Russ & Daughters, ìyẹn Russ àti Àwọn Ọmọbìnrin. Lọ́dún 2014, ìran kẹrin ṣí ilé oúnjẹ ìgbàlódé. Irú ẹja tí bàbá ńlá wọn kiri náà ni wọ́n ń gbé ka iwájú oníbàárà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ sì ń tajà lọ.

Ní Philadelphia, ilé oúnjẹ àwọn Júù mìíràn, Zahav, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2008, gba àmì ẹ̀yẹ James Beard lọ́dún 2019 gẹ́gẹ́ bí èyí tó ta yọ jù ní Amẹ́ríkà. Hummus wà lára ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Ẹ̀wà kan tí wọ́n sè tí wọ́n lọ̀ kúnná ni hummus. Gbẹ̀gìrì tiwa ńkọ́? Ẹ̀wà tí a bó, tí a sè títí tó fi yọ́ ni!

Ṣùgbọ́n ẹ dé Ring Road, ẹ wọ ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà: fráìdì ráìsì, písà àti ṣàwámà ló ń gbapò iwájú. Èmi kò bá ṣàwámà jà. Àwọn ará Lẹ́bánónì ti bá wa gbé pẹ́, òpópónà Lebanon ṣì wà ní Dùgbẹ̀. Àmọ́ ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

N kò ní kí wọ́n wó ìsọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó àti awakọ̀ Challenge ti ń jẹun yó. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí òwò náà má bá ìyá tó dá a sílẹ̀ re ọ̀run.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ forúkọ òwò yín sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ òṣùwọ̀n iyọ̀, irú àti ata sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n fi owó àmàlà rán lọ sí yunifásítì, ẹ mú ìmọ̀ yín padà sídìí ìkòkò. Ẹ ṣí ilé oúnjẹ tó gbayì, kí ẹ sì kọ orúkọ ìyá yín gàdàgbà sára pátákó rẹ̀.