Ọ̀fẹ́ Kọ́ Ni Òótọ́: Ìwádìí Ìtàn Ifẹ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àṣà kan ti gbòde láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò, àwọn olùkọ́ mìíràn pàápàá kò sì mọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí àwọn ère Ilé-Ifẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sáré lọ. Àwòrán tí ó bá kọ́kọ́ yọjú ni wọ́n ń mú, ọ̀rọ̀ tí ó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń dà kọ. Ìwádìí kọ́ ni èyí.

Nínú ẹ̀kọ́ awalẹ̀pìtàn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àwọn tí ń walẹ̀ láti mọ ìtàn, ibi tí nǹkan wà nínú ilẹ̀ níye lórí bí nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ṣalábàápàdé àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn. Nítorí pé kì í ṣe awalẹ̀pìtàn ni ó wú wọn jáde, ohun tí ìpele erùpẹ̀ ibẹ̀ ìbá sọ nípa wọn ti ṣòfò. Ọ̀tọ̀ ni ti ilẹ̀ Ọbalárá. Peter Garlake wà á, ó sì ṣe àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ àti ohun tí ó bá níbẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1974 nínú West African Journal of Archaeology. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó ti kà á?

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910. Ó wo àwọn ère náà, ó ní iṣẹ́ àwọn ará Gíríìkì tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ni, ó sì so ó mọ́ ìtàn Atlantis. Ìwalẹ̀ àti àyẹ̀wò tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wá, láàrin ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Síbẹ̀, ìwé Frobenius ti 1913 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìròyìn tí ó já a nírọ́ ń béèrè owó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ òtítọ́, báwo ni yóò ṣe lé e bá?

Àwọn kan yóò ní owó ni kò sí. Àwáwí ni. Àkọsílẹ̀ British Museum nípa orí Ifẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò gba kọ́bọ̀. Digital Benin, tí wọ́n ṣí ní 2022, kó àkọsílẹ̀ ohun tí ó lé ní 5,000 láti ìjọba Benin jọ lọ́fẹ̀ẹ́, èdè Ẹdó sì wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí Ifẹ̀ ní irú rẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Kí ọjọ́ náà tó dé, kí olùkọ́ má ṣe gba àròkọ tí kò dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ó wú u jáde? Ọdún wo ni? Níbo gan-an ni? Ẹni tí kò lè dáhùn wọn, àwòrán ni ó rí. Kò tí ì rí ìtàn.