Paro, Róbọ́ọ̀tì Orí Itan Àgbàlagbà

Àwọn ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan wà ní Japan tí ẹ ó ti bá ìyá àgbà tó gbé nǹkan onírun funfun lé itan, tó ń rẹ̀ ẹ́. Paro ni, róbọ́ọ̀tì tí Takanori Shibata bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní 1993. Àwòrán ọmọ seal, ẹranko inú òkun tútù, ló fi ṣe é. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ajá àti ológbò: ẹni tó ti sin ajá rí yóò tètè mọ̀ pé ayédèrú ni, ṣùgbọ́n ta ló ti gbé seal mọ́ra rí?

Paro wúwo tó ọmọ tuntun, bíi kílò 2.7. Ẹ fọwọ́ pa á lórí, yóò ṣẹ́jú, yóò gbórí sókè, yóò ké. Bí ẹ bá ń fi orúkọ kan pè é léraléra, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Ṣé ó wúlò? Wendy Moyle àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà gbé ìwádìí kan jáde ní 2017. Àgbàlagbà 415 tó ní àìsàn ìgbàgbé, ní ilé ìtọ́jú 28, ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan gba Paro tó ń ṣiṣẹ́, àwọn kan gba èyí tí wọ́n ti pa, tí kò yàtọ̀ sí ọmọláńgidi, ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá ni wọ́n sì ń fún àwọn yòókù. Àwọn tó gba èyí tó ń ṣiṣẹ́ túbọ̀ ń wò ó, wọ́n túbọ̀ ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ara tí kì í balẹ̀, ìyàtọ̀ àárín òun àti ọmọláńgidi kò tó nǹkan. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa o: ohun rírọ̀ tí ọwọ́ rí dì mú ti ń tuni nínú, kí ọgbọ́n ẹ̀rọ tó dé rárá.

Mi ò gbà pé ó lè rọ́pò òṣìṣẹ́. James Wright, tó kọ ìwé lórí róbọ́ọ̀tì nínú ìtọ́jú àgbàlagbà ní 2023, bá ìyá kan pàdé ní Japan tí kì í jẹun, tí kì í sùn, àfi tí Paro bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn fẹ́ bó awọ Paro ṣáá ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ṣọ́ wọn. Iṣẹ́ kò dín, ńṣe ló lé sí i.

Lójú tèmi, àárín àwùjọ ni Paro ti dára jù, níbi tí àwọn tó jókòó láìsọ̀rọ̀ ti ń rí ohun bi ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ní Ìlú Ọba. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, bí wọ́n bá gbé Paro dé ilé ìtọ́jú yín, ẹ má kó o lé màmá lọ́wọ́ kí ẹ sì tilẹ̀kùn. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n lórúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́. Bí ọ̀gá bá sì ní torí róbọ́ọ̀tì lòun ṣe fẹ́ dín òṣìṣẹ́ alẹ́ kù, ẹ sọ ohun tí Wright rí fún un.