Òyìnbó Pọ̀, Iná Wọn Kò Rí Bákan Náà

Nínú àwọn lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi, ọ̀kan wà tí n kò lè fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú kí oṣù yìí tó parí.

Ìyá wa kan ni, tí ń ta aṣọ ní Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ ní ilẹ̀ Jámánì, ìyá sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ìyá yìí ní ikọ́ fée láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ń gbé ní Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí ń sọ oògùn olómi di ìkùukùu kí aláìsàn lè fà á símú. Nẹ́búláísà ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Nílé, tíráńsífọ́mà kékeré kan tó wúwo bí òkúta ni ó máa ń fi sí àárín ẹ̀rọ náà àti iná. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: “Olùkọ́, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìlú òyìnbó ni mò ń lọ, tí ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ti òyìnbó, ṣé n kò lè fi tíráńsífọ́mà yìí sílẹ̀ nílé, kí n lè rí àyè kó èlùbọ́ àti ata gígún sínú àpótí mi?”

Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi í sílẹ̀ o.

Ohun tó mú mi kọ èsì yìí sínú ìwé ìròyìn ni pé ìyá yìí nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí iná ti rí ní New York ni ó ṣe rí ní Berlin, nítorí pé òyìnbó ni gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Iná ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt. Iná ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́ 230 volt. Nígbà kan rí, 240 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, tí àwọn ará Jámánì àti Faransé sì ń lo 220. Ṣùgbọ́n wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí 230, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba iye náà ní 1995. Tiwa ní Nàìjíríà ńkọ́? 230 náà ni, nígbà tí ó bá dé pérépéré. Nípa ti iná, Ìbàdàn àti Berlin ni ọmọ ìyá kan náà. Amẹ́ríkà ni àlejò. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tí kò lè jẹ iná Ìbàdàn láìsí tíráńsífọ́mà, kò lè jẹ iná Jámánì náà.

Bí mo ti máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyí. Ẹ wo omi inú páìpù. Volt dà bí agbára tí ń ti omi náà jáde. Bí a bá ti omi tó le jù sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, rọ́bà yóò bẹ́. Nínú ẹ̀rọ tí ń gbóná, bí áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́túlù, bí volt bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Áyọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà tí a kọ 120 volt àti 1,000 watt sí lára, bí ẹ bá kì í bọ iná Jámánì, yóò fẹ́ fa nǹkan bí 3,700 watt. Kò lè gba ooru bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀rọ tó sì ní mọ́tò nínú, bí irú ti ìyá wa yìí, òórùn wáyà jíjó ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Bí áyọ́ọ̀nù bá jóná, a ó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tí a fi ń mí bá jóná ní agogo méjì òru, nínú òtútù, ní ìlú tí ìyá kò gbọ́ èdè wọn, tí ọmọ tuntun ń sunkún ní yàrá kejì, níbo ni a ó ti rà á? Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́ bí a ti ń ka ara ẹ̀rọ. Ẹ yí i dojú délẹ̀, tàbí kí ẹ wo ara ṣájà rẹ̀, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà INPUT. Ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ni ẹ óò bá níbẹ̀.

Èkíní: 100–240V, 50/60Hz. Èyí kò ní ọ̀tá. Ibikíbi ní ayé ló lè jẹun. Báyìí ni ṣájà fóònù púpọ̀ rí, àti ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú àwọn tí èémí wọn máa ń dá lójú oorun.

Èkejì: 220–240V, 50Hz. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún irú iná tiwa nìyí. Yóò ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ṣùgbọ́n kò ní ṣe dáadáa ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kẹta: 120V, 60Hz. Ti Amẹ́ríkà ni. Láìsí tíráńsífọ́mà, ẹ má fi kan ògiri Yúróòpù rárá.

Ẹ kíyè sí 50 àti 60 yẹn. Iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Tíráńsífọ́mà lè sọ 230 di 120, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60. Aago oníná Amẹ́ríkà tó ń gbára lé iye yìí, bí a bá lò ó lórí 50, a máa fi ìṣẹ́jú 10 sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò mìíràn yóò máa rọra yí ju bó ti yẹ lọ, tí yóò sì máa gbóná.

Nítorí náà, ìyá, ọ̀nà méjì ló wà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí náà ni ẹ óò gbé lọ, ẹ gbé tíráńsífọ́mà dání. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ ní Jámánì, kìkì kí watt rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ náà lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù ni kí ẹ ra èyí tí a kọ 100–240V sí lára, tàbí èyí tó ń lo bátìrì, kí ẹ sì lò ó nílé fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbéra. Ilẹ̀ àjèjì kọ́ ni a ti ń dán ẹ̀rọ ìmí wò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà yín nípa ínhélà kékeré tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, kí ó wà nínú àpamọ́wọ́ yín. Ìyẹn kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹnu ihò ara ògiri. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun tí à ń lò, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e kalẹ̀ ní 1947, òun náà ni wọ́n ń lò ní Ireland, Malta àti Cyprus. Ẹni tó ń lọ sí London kò nílò nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ibi tó pọ̀ jù ní Yúróòpù, ẹsẹ̀ méjì róbótó ni. Àwọn oníṣòwò wa tí ń ná ọjà Kútọnu àti Lomé ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Ítálì, Switzerland àti Denmark tún ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwọn, tí kò bá ara wọn mu.

Ohun tí a ń fi so wọ́n pọ̀ ni àdápítà. Àdápítà dà bí àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò: àrọ kò lè sọ epo kẹrosíìnì di epo pupa. Ẹnu nìkan ló ń yí padà, kò yí volt padà. Pé púlọ́ọ̀gì wọ inú ògiri kò fi hàn pé ẹ̀rọ yóò yè é. Bákan náà, ẹ má ra àdápítà ẹlẹ́sẹ̀ méjì olówó pọ́ọ́kú fún ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ jẹ́ irin. Ẹsẹ̀ kẹta tiwa ń gbé iná tó bá sá jáde lọ sínú ilẹ̀ kí ó má baà gbá ènìyàn. Àwọn ará Jámánì fi irin sí ẹ̀gbẹ́ ihò fún iṣẹ́ yìí, àwọn Faransé sì fi irin kan yọ jáde láti inú ihò. Àdápítà tí kò kan irin wọ̀nyí ti gé ààbò náà kúrò. Ẹ̀rọ tí ẹ bá rí àmì igun mẹ́rin kékeré nínú igun mẹ́rin ńlá lára rẹ̀ nìkan ni kò nílò rẹ̀.

Kẹ́túlù àti áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé; ọmọ yín ní tirẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ihò kékeré kan ní ilé ìwẹ̀ tí a ya àwòrán abẹ ìfárùngbọ̀n sí, fún ìfárùngbọ̀n nìkan ni, kì í ṣe fún ẹ̀rọ ìtọ́jú ara.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, tiyín tún yàtọ̀, kì í ṣe iná ni ewu tiyín, bí kò ṣe ìṣirò. Ọ̀nà méjì ni ayé ń gbà ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo mmol/L. Ní Ítálì àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Jámánì, mg/dL ni. Méjèèjì ló wà lọ́jà wa. Ẹ fi 18 sọ ti àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí èkejì: 7 mmol/L jẹ́ 126 mg/dL. Ẹ wá wo ewu rẹ̀. Bàbá kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ 15 mmol/L, ṣúgà rẹ̀ ti ga jù, ó jẹ́ 270 ní ọ̀nà kejì. Bí ó bá sọ lórí fóònù fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pé “ṣúgà mi jẹ́ 15”, tí ìyẹn sì rò pé 15 mg/dL ni, yóò rò pé ṣúgà ti tán lára rẹ̀, pé ó fẹ́ dákú, ó sì lè ní kí ó tètè mu ohun dídùn. Iyọ̀ ni ó ń fi kún omi òkun yẹn. Nítorí náà, ẹ má dá iye sọ láé. Ẹ máa sọ iye pẹ̀lú orúkọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì kọ méjèèjì sínú ìwé kékeré kan.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀rọ ìtọ́jú ara, oògùn àti ínsúlínì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tí ẹ óò gbé wọlé. Àpótí tí a kó sísàlẹ̀ lè sọnù, òtútù ibẹ̀ sì lè sọ ínsúlínì di yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ da omi inú ẹ̀rọ atẹ́gùn nù kí ẹ tó dì í. Bátìrì ìpamọ́ àti pawábáǹkì kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí ìsàlẹ̀ rárá. Èyí tí kò ju 100 watt-wákàtí lọ kò sábà ní wàhálà. Láti 100 dé 160, ẹ gba àyè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ìṣirò rẹ̀ rèé: 20,000 mAh, ẹ fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 1,000 pín in, ó di 74.

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ orúkọ àìsàn, oògùn àti ẹ̀rọ yín. Físà Schengen ń bèèrè ìwé ìbánigbófò ìlera tí kò dín ní 30,000 yúrò. Ẹ bèèrè bóyá ó kan àìsàn tí ẹ ti ní kí ẹ tó ra ìwé náà. Bí èémí bá sì ń há, ẹ má dúró de ọmọ yín kí ó ti ibi iṣẹ́ dé: 112 ni nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ní gbogbo ilẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀bùn yín dára, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ìyá yín, ẹ ka ara rẹ̀. Èyí tó bá ilé tí ẹ wà mu lè má bá ilé tí ìyá ń gbé mu.

Ìyá, abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ bá wa kí ìyá ọmọ, ọmọ tuntun á bá yín kalẹ́. Ẹ̀yin yòókù, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.