Ẹ Má Sọ fún Wa Pé Ká Má Ronú Mọ́

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa ń sọ fún ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já nítorí ìdánwò: "Má ronú mọ́." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú yín sọ ọ́. Síbẹ̀, mo fẹ́ bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Ọkàn kì í ṣe fìtílà tí a lè fẹ́ pa.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń yẹ èrò wò. Dókítà Aaron Beck, ará Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí láàárín ọdún 1960 sí 1969 pé èrò kan máa ń sáré wọ ọkàn àwọn tí ìbànújẹ́ dorí wọn kodò: "N kò wúlò." Wọ́n á sì gbà á gbọ́ láìbi í ní ìbéèrè kankan. Beck ní kí wọ́n bi í. Ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT nìyẹn.

Ẹ wo ọmọ tó gba 35 nínú 100 nínú ìṣirò. Ó ní, "Olódo ni mí." Ojú á tì í, á máa sá fún olùkọ́, á sì tún fìdí rẹmi. Ẹ fún un ní bébà, kó kọ èrò náà sílẹ̀. Kí ni ẹ̀rí pé òótọ́ ni? Kí ni ẹ̀rí pé irọ́ ni? Kí ló máa sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá gba irú máàkì yẹn? Lẹ́yìn náà, kó bi olùkọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́la, kó wò ó bóyá ohun tó ń bà á lẹ́rù á ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni. N kò gbà. Ní Zimbabwe, láti ọdún 2006, Dókítà Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà ní ìlànà tó bá èyí tan. Orí bẹ́ǹṣì ní ọgbà ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gbọ́ tẹnu àwọn tí ìrònú ti pọ̀ jù fún, tí wọ́n sì ń bá wọn tú ìṣòro wọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí tó jáde ní 2016, tí wọ́n ṣe láàárín ènìyàn 573, fi hàn pé bẹ́ǹṣì náà ṣiṣẹ́ gan-an. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn mìíràn á ní àdúrà ti tó. Ẹ gbàdúrà o, ṣùgbọ́n ẹni tó gbàdúrà fún ìdánwò ṣì ń kàwé. Bí ọmọ bá sì ní ayé ti sú òun, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà; bébà nìkan kò tó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n: ìṣẹ́jú 40 lọ́sẹ̀, olùkọ́ kan tó gba ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ náà, àti pé kí àgbàlagbà kankan má pe ọmọ ní olódo mọ́. Ẹ ti kọ́ wa bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ ìṣirò wò kí a tó fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń yẹ èrò wa náà wò.