Ẹ Mú Oníjà Kan, Kí Ẹ sì Mọ̀ Ọ́n Dópin

Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òwe yìí ni ó yẹ kí a kọ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń sanwó ṣe géèmù, ìbáà ṣe ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, tàbí ní ibikíbi tí àwa ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí lẹ́yìn odi. Eré bọ́ọ̀lù ni ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n eré ìjà náà ní àwọn olólùfẹ́ tirẹ̀: Tekken, Mortal Kombat àti Street Fighter. Ènìyàn méjì yóò di páàdì mú, olúkúlùkù yóò yan oníjà kan, wọn yóò sì máa lu ara wọn lójú amóhùnmáwòrán títí agbára ẹnì kan yóò fi tán. Ẹni tí ó bá pàdánù yóò dìde fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó tún tọwọ́ bọ àpò.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dá eré náà lẹ́bi o. Ẹjọ́ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ wa rò ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ná owó àti àkókò sórí ohun tí wọn kò fara balẹ̀ kọ́. Lónìí wọ́n mú Jin, lọ́la wọ́n mú Law, ní ọ̀túnla wọ́n mú Eddy. Bí wọ́n bá sì pàdánù, wọn a ní oníjà náà ni kò lágbára.

Ẹ jẹ́ kí a fi Eddy Gordo yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ilẹ̀ Brazil ni wọ́n pè é nínú eré náà, ìjà capoeira ni ó sì ń jà. Inú Tekken 3 ni ó ti kọ́kọ́ fara hàn ní 1997. Bí ènìyàn bá mú un, tí ó sì ń tẹ bọ́tìnnì ẹsẹ̀ wuruwuru, ẹsẹ̀ Eddy yóò máa yí bí òòyì, yóò sì fọ́n ọ̀gbẹ̀rì bíi tirẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá bá ẹni tí ó mọ ìgbà tí a ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí a ń dáhùn pàdé, gbogbo àrà náà yóò di asán. Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí mo fi ní oníjà kan ṣoṣo tó? Ẹ wo bí eré náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwòrán 60 ni ẹ̀rọ ń gbé sójú amóhùnmáwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú Tekken, ẹ̀ṣẹ́ tí ó yá jù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníjà ń balẹ̀ láàárín àwòrán 10, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú-àáyá. Ojú ènìyàn kò lè rí i kí ọwọ́ sì dá a lóhùn kí ó tó balẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ni ó ń borí, bí kò ṣe ẹni tí ó ti mọ ohun tí ọ̀tá lè ṣe kí ó tó ṣe é. Oníjà 32 ni Tekken 8 ní nígbà tí ó jáde ní 2024. Ẹni tí ó ń pààrọ̀ oníjà lójoojúmọ́ ń kọ́ tirẹ̀ àti ti ọ̀tá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó dúró ti ẹyọ kan kò tún ní ohun tí ó kù ju ti ọ̀tá lọ.

Àwa tí a ń gbé ilẹ̀ Hausa kò ṣàì mọ ọgbọ́n yìí, nítorí ó wà nínú dambe tí wọ́n ń jà níbẹ̀. Ọwọ́ kan ni oníjà dambe máa ń fi aṣọ àti okùn dì, òun ni ọ̀kọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ kejì tí ó ṣí sílẹ̀ ni asà. Kò sí ẹni tí ń pààrọ̀ ọ̀kọ̀ sí ọwọ́ kejì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lù ú.

Báwo wá ni a ó ṣe yan oníjà? Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwà ara ẹni ni kí ọ̀dọ́ wò kí ó tó yan oníjà, kì í ṣe ariwo ẹnu àwọn tí ń sọ pé lágbájá ni ó lágbára jù lóṣù yìí. Nígbà tí Street Fighter II jáde ní 1991, oníjà mẹ́jọ ni a lè yàn nínú rẹ̀. Guile yẹ ẹni tí ó ní sùúrù: ó ní láti fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó lè ju ohun ìjà rẹ̀ láti òkèèrè. Zangief lọ́ra, ṣùgbọ́n bí ó bá gbá ènìyàn mú, ọ̀ràn dé. Ẹni tí kò bẹ̀rù àtisúnmọ́ ọ̀tá ni ó yẹ. Ryu ní díẹ̀ nínú ohun gbogbo, nítorí náà ó dára fún ẹni tí kò tíì mọ irú ènìyàn tí òun jẹ́. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yìí ni wọ́n tún wà lára àwọn 18 tí Street Fighter 6 fi bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Ẹni tí ó kọ́ Guile dáadáa láti ìgbà náà kò ṣiṣẹ́ lásán.

Lẹ́yìn yíyàn ni ìdánrawò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìjà ogún tí a jà láìronú kì í ṣe ìdánrawò. Ẹ mú àléébù kan ṣoṣo fún ọjọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan báyìí ni ó ń ṣẹ́gun yín nígbà gbogbo, ẹ lọ sí ibi ìdánrawò inú eré náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi ẹsẹ̀ náà kọlù yín léraléra, kí ẹ sì máa dáhùn títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n láìbéèrè. Ẹ ṣe é ní apá òsì, ẹ ṣe é ní apá ọ̀tún, nítorí ìtẹ̀sí páàdì máa ń yí padà bí oníjà bá yí ipò padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìjà tí ẹ pàdánù, kí ẹ sì béèrè pé: ibo ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe? Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n, wákàtí kan tí a lò báyìí sàn ju òru méje ti àìgbọ́n lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀rí wà. Ní 2004, ní ìdíje Evo tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Daigo Umehara, ọmọ ilẹ̀ Japan, fi Ken kojú Justin Wong tí ó mú Chun-Li. Agbára Ken ti kù bín-ín-tín débi pé bí ó bá kàn dènà lásán, dídènà náà yóò pa á. Justin Wong tú ìkọlù 15 léraléra sílẹ̀. Nínú eré náà, ẹni tí ó bá ti ọ̀pá ìdarí síwájú ní àkókò gan-an tí ìkọlù ń balẹ̀ yóò gbà á dànù láìfarapa. Daigo gba gbogbo rẹ̀ dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì borí ìjà náà. Orí ire nìkan kò lè ṣe èyí. Ọwọ́ tí ó ti ṣe é rí ni ó ṣe é. Síbẹ̀, ìdánrawò kì í ṣe oògùn: ipò kejì ni Daigo ṣe ní ìdíje ọ̀hún.

Ẹ̀rí kejì kan àwa tí a ń gbé ibi tí ayé kò kà sí. Ní 2019, Arslan Ash láti ìlú Lahore ní Pakistan gba ife Tekken ní Evo ti Japan, ó sì tún gba ti Las Vegas ní ọdún kan náà. Nígbà tí ẹnu ń ya àwọn ènìyàn, ó ní àwọn mìíràn tí wọ́n lágbára ṣì wà nílé. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ: ní 2023, ọmọ Pakistan mìíràn, Atif Butt, borí ní àṣekágbá ìdíje Tekken àgbáyé ní Amsterdam. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń na ara wọn lójoojúmọ́ ni wọ́n sọ ara wọn di akọni. Ọmọ wa tí ó bá ń bá ọmọ Hausa, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Bírọ́ọ̀mù jà lójú amóhùnmáwòrán ní Jọ́ọ̀sì, kí ó má sá fún ẹni tí ń nà án. Kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọ̀nà hàn òun.

Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Kazumi ni a fi mọ Arslan Ash nínú Tekken 7, Nina ni ó sì fi gba Evo ti 2024 nínú Tekken 8. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gba ọ̀nà kan dé ọjà rí ni ó ń wá ọ̀nà kejì. Ẹni tí ó ń yà ní oríta kọ̀ọ̀kan kò ní bá ọjà.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ fi ìwọ̀n sí àkókò àti owó eré, kí ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ má bàa jìyà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dé, ẹ má wulẹ̀ bi í bóyá ó borí. Ẹ bi í pé: kí ni ó ṣẹ́gun rẹ lónìí, kí sì ni o fẹ́ ṣe sí i lọ́la? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí nípa eré yóò lè dáhùn rẹ̀ nípa ìṣirò àti nípa iṣẹ́ tí ó ń kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ má fún un lówó géèmù mọ́ títí yóò fi rí ìdáhùn.